Obìnrin Tó Ń Béèrè Bóyá Inú Wa Dùn

Kí òjò rọ̀ mọ́jú lé ọmọ Yorùbá lórí, kí òrùlé jò, kí àgbàrá gbé sálúbàtà rẹ̀ lọ, ẹ bi í láàárọ̀ pé ṣé dáadáa ni, yóò ní a dúpẹ́. Mi ò fi bú wa o. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ èmi náà, bẹ́ẹ̀ ni mo sì ṣe tọ́ Rauf ọmọ mi. Ọmọ tí wọ́n bá kọ́ nílé kì í fi ìráhùn pàdé àlejò lẹ́nu ọ̀nà.

Iṣẹ́ tí Fadékẹ́ tá a jọ ń gbélé wá gbà ní Ọ̀tà níbí ni pé kó máa wo ohun tó wà lábẹ́ "a dúpẹ́" yẹn. Á wọ ilé onílé, á jókòó, á béèrè lọ́wọ́ àwọn obìnrin òṣìṣẹ́ bóyá ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ wọn níbi iṣẹ́ wúlò fún wọn, bóyá ẹni tí wọ́n fi síbẹ̀ kó máa gbà wọ́n nímọ̀ràn ń gbà wọ́n nímọ̀ràn lóòótọ́, bóyá inú wọn dùn sí i tàbí kò dùn. Wọ́n ń sanwó oṣù fún un lórí ìyẹn. Nígbà tó kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, mo dá ẹ̀rọ ìránṣọ mi dúró, mo ní, "Fadékẹ́, ṣé wọ́n ń sanwó fún èèyàn torí ó ń béèrè pé ṣé inú yín dùn? Àtọdúnmọ́dún ni mo ti ń bi àwọn oníbàárà mi lọ́fẹ̀ẹ́, kò sì sí èyí tó fún mi ní kọ́bọ̀ lé e." Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Obìnrin tó mọ ẹ̀rín rín ni.

Èmi ni Mùíbátù aránṣọ, Ìyá Rauf. Ìjù ni mo ń gbé, nínú ilé kan tí yàrá mi kọjú sí géètì, nítorí náà kò sẹ́ni tó ń wọlé tàbí tó ń jáde tí ojú mi kì í tó. Fadékẹ́ ń gbé yàrá tó tẹ̀ lé tèmi, òun àti Àdúràolúwa ọmọbìnrin rẹ̀. Opó ni. Naimat, ọ̀dọ́mọbìnrin tí gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dé bá, ń gbé yàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga.

Ará Ìkìrun ni Fadékẹ́, ìyá ìyá rẹ̀ ló sì tọ́ ọ dàgbà. Màmá yẹn, gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ fún mi, kì í kí èèyàn wàràwàrà bí a ṣe ń kí ara wa lóde òní. Bó bá ti rí ọ lókèèrè, á dá ọwọ́ iṣẹ́ dúró, á kì ọ́ láti orí oríkì tí wọ́n fún ọ nígbà tí wọ́n bí ọ títí dé orí oríkì ilé baba rẹ. Ẹni tó ń bínú lọ á dúró, ẹni tó ń sunkún á nu ojú. Fadékẹ́ jogún rẹ̀ lọ́wọ́ màmá náà. Kò sí ẹni tó kó wọ ilé wa tí kò ní béèrè oríkì rẹ̀ àti ìlú tí baba ńlá rẹ̀ ti ṣí wá, bó bá sì ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, ó gbọ́ ọ nìyẹn. Ìgbà mìíràn wà tí màá ti gé aṣọ oníbàárà kù, tí orí mi á gbóná, tí mi ò ní fẹ́ rí ẹnikẹ́ni. Fadékẹ́ á gba ẹ̀yìn mi kọjá, á ní, "Àbẹ̀kẹ́, ọmọ Oníkòyí, ẹ̀ṣọ́ tí kì í gba ọfà lẹ́yìn." Ara mi á sì rọ̀ wọ̀ọ̀. Ẹni tó bá mọ oríkì rẹ, ó mọ ọ́ dé ilé baba rẹ.

Olùkọ́ ọmọ wẹ́wẹ́ ló ń ṣe tẹ́lẹ̀ ní Iyana Iyesi, kí ilé ìwé náà tó kógbá sílé. Ó jókòó sílé títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ máa bá mi ṣẹ́tí aṣọ. Ìgbà yẹn ni Ọ̀gbẹ́ni Adérógbà gbà á síṣẹ́. Ọkùnrin yìí ní ọ́fíìsì kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lójú ọ̀nà Ìdírókò. Ohùn rẹ̀ tutù, ó mọ èèyàn í pọ́n lé, àti nínú gbogbo eruku Ọ̀tà yìí, n kò rí i rí kí bàtà rẹ̀ dọ̀tí. Ó yẹ kí ìyẹn nìkan ti ṣí mi lójú.

Ilé iṣẹ́ bisikíìtì kan wà ní Sango tí àwọn òyìnbó kan fún lówó pé kó dá àwọn obìnrin ibẹ̀ lẹ́kọ̀ọ́. Àwọn tó ń kó bisikíìtì sínú páálí láti òwúrọ̀ di alẹ́ ni wọ́n fẹ́ kọ́ ní bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹ̀rọ ńlá, kí wọ́n lè kúrò nídìí páálí, kí owó oṣù wọn sì gòkè. Wọ́n tún ya yàrá kan sọ́tọ̀, wọ́n fi àǹtí kan síbẹ̀, pé ẹni tó bá ní ìṣòro nílé tàbí lẹ́nu iṣẹ́ kó máa lọ fọ̀rọ̀ lọ̀ ọ́. Àwọn olówó yìí wá fẹ́ mọ̀ bóyá inú àwọn obìnrin náà dùn sí ohun tí wọ́n ṣe fún wọn. Adérógbà ni wọ́n gbé iṣẹ́ wíwádìí rẹ̀ fún, Adérógbà náà sì rán Fadékẹ́.

Ó kọ́kọ́ lọ dúró lẹ́nu géètì ilé iṣẹ́ náà nígbà tí wọ́n ń ṣíwọ́. Ohun tí ẹ rò náà ló rí. "A dúpẹ́, mà. Ó dáa gan-an. Ẹ bá wa kí wọn, mà. Ọlọ́run á bùkún wọn." Gbogbo wọn pátá. Ó kó ọpẹ́ jọ lọ bá Adérógbà. Adérógbà gbọ́ ọ tán, ó mi orí.

Ó ní, "Ìyá Àdúrà, ìdúpẹ́ lásán nìyí. Òótọ́ ni mo ń fẹ́."

Fadékẹ́ ní, "Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n, sà. Wọn ò fẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn."

"Lọ bá wọn nílé. Má gba orúkọ ẹnikẹ́ni. Fi fóònù yìí gba ohùn wọn kó o má baà gbàgbé ohun tí wọ́n sọ. Bá a bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ tán, màá pa ohùn yẹn rẹ́. Confidential ni. Mo fi ọmọ mi búra fún ẹ."

Fadékẹ́ wá sílé wá sọ ọ́ fún mi tayọ̀tayọ̀. Ó ní òun ò tíì rí ọ̀gá tó fẹ́ gbọ́ òótọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Èmi náà ní kí Ọlọ́run dá irú wọn sí.

Ọ̀dọ̀ Naimat ló ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ilé iṣẹ́ yẹn ni Naimat ti ń ṣiṣẹ́ ìdí páálí. Ọjọ́ Àìkú ni. Naimat ń fọṣọ lẹ́bàá kànga, mo ń ṣẹ́tí ẹ̀wù kan lẹ́nu ọ̀nà mi. Ọmọ Ẹdẹ ni ọmọ yìí, ṣùgbọ́n Ọ̀fà ni àwọn baba rẹ̀ ti ṣí dé Ẹdẹ. Bàbá rẹ̀ ti kú, òun ló ń fi owó ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀, ohun tó sì gbé lọ́kàn ju ohunkóhun lọ láyé ni pé kí wọ́n kọ́ òun ní ẹ̀rọ yẹn. Ó máa ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ọkọ ìyàwó. Fadékẹ́ gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ jáde, ó tẹ fóònù, ó gbé e sórí ògiri kànga, ó sì kí i.

"Àwẹ̀ró, ọmọ Ìyèrú Òkín, ọmọ Ọlọ́fà mọjọ̀. Ẹ kú ìfọṣọ o."

Naimat kúnlẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́, ó ń rẹ́rìn-ín. Ojú rẹ̀ wá lọ sára fóònù. "Àǹtí, kí ni ìyẹn ń ṣe níbẹ̀?"

"Ohùn wa ló ń gbà. Mi ò ní dárúkọ ẹ. Tá a bá ti kọ ọ̀rọ̀ ẹ sílẹ̀ tán, a máa pa á rẹ́."

"Ẹ búra, Àǹtí."

Fadékẹ́ fi ìka kan ahọ́n, ó nà án sókè bí ọmọdé. "Ọ̀rọ̀ yìí ò ní kọjá ìdí kànga yìí."

Naimat sì tú àpò ọ̀rọ̀. "Tréníìnì wo? Wọ́n kó wa jọ, wọ́n yà wá ní fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́ṣíìnì, wọ́n ní ó tán. Dúrótoyè, ọ̀gá láìnì tó ń darí wa nídìí páálí, òun ló ń mú ẹni tó máa fọwọ́ kàn án. Ẹni tó bá fẹ́ kó mú òun, á ní kó wá kí òun nílé lọ́hùn-ún ní Ìjọ́kọ. Mo ní mi ò mọ̀nà Ìjọ́kọ."

Mo bú sẹ́rìn-ín níbi tí mo wà. Naimat náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ṣùgbọ́n kò pẹ́ lẹ́nu rẹ̀.

Fadékẹ́ béèrè pé, "Yàrá tí wọ́n ní kẹ́ ẹ máa fọ̀rọ̀ lọ̀ wọ́n ńkọ́?"

"Yàrá wo? Mo lọ, Àǹtí. Àǹtí yẹn ti ilẹ̀kùn, ó dì mí lọ́wọ́ mú, mo sunkún, mo sọ gbogbo ẹ̀. Ká tó ṣíwọ́ lọ́jọ́ yẹn, Dúrótoyè ti wá dúró lẹ́yìn mi. Ó ní, 'So you no sabi road to Ìjọ́kọ, but you sabi road to counselling.' Èmi nìkan kọ́ o. Gbogbo àwa tá a bá ti wọ yàrá yẹn, bó ṣe ń sọ fún wa nìyẹn. Bí ajere ni yàrá yẹn rí. Ẹ da omi sí i, ẹ máa wo ilẹ̀."

"Ṣé wàá mú àbúrò ẹ lọ síbẹ̀, tó bá wáṣẹ́ wá sí Sango?"

"Àbúrò mi wà ní Ẹdẹ, Àǹtí. Kó jókòó síbẹ̀."

Nígbà tí Fadékẹ́ pa fóònù, ó gbá Naimat mọ́ra pẹ̀lú ọṣẹ ara rẹ̀. Ó ní kó fọkàn balẹ̀, pé ìdí tí wọ́n fi rán òun gan-an nìyẹn, pé bí àwọn tó ń náwó bá gbọ́ èyí, nǹkan á yí padà. Naimat gbà á gbọ́. Kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: kì í ṣe ilé iṣẹ́ ni Naimat la ẹnu fún, kì í ṣe òyìnbó, kì í ṣe Adérógbà tí kò rí rí. Fadékẹ́ ló la ẹnu fún. Ó tún lọ bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nídìí páálí, ó ní bí Àǹtí Fadékẹ́ bá dé ilé yín, ẹ má fi nǹkan kan pa mọ́ fún un, èèyàn wa ni. Báyìí ni Fadékẹ́ ṣe ń wọ ilé káàkiri Sango, tó ń kì wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó béèrè ọ̀rọ̀, tí wọ́n sì ń sọ tinú wọn fún un.

Adérógbà yọ̀ mọ́ ọn. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, òun ò tíì rí ẹni tó mọ èèyàn í bi ní ọ̀rọ̀ bíi tirẹ̀. Ó gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó kó àwọn ohùn náà sínú kọ̀ǹpútà, ó sì dá fóònù padà fún un. Fadékẹ́ béèrè lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ bóyá ó ti pa wọ́n rẹ́. Ó ní, "Wọ́n ti lọ." Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ti lọ lóòótọ́. Ibi tí wọ́n lọ ni kò sọ.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni Dúrótoyè wọ ìdí páálí ní àárọ̀, tó pàtẹ́wọ́ kí gbogbo wọn gbọ́. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ta ni wọ́n ń pè ní Àwẹ̀ró nínú yín?"

Ẹ wo àwa náà. Àwọn ìyá àgbà tó wà níbẹ̀ rò pé wọ́n fẹ́ fún ọmọ náà ní nǹkan ni, torí ta ló máa ń fi ibi béèrè oríkì ọmọ èèyàn? Tìdùnnútìdùnnú ni wọ́n fi nawọ́ sí i. "Naimat ni o! Àwẹ̀ró, ọmọ Ọlọ́fà! Naimat, dìde, ọ̀gá ń pè ọ́." Ọ̀kan nínú wọn tún tì í láti ẹ̀yìn pé kó yára.

Naimat dìde. Dúrótoyè rìn wá, ó dúró síwájú rẹ̀, ó fi ohùn obìnrin sọ ọ́, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí Fadékẹ́ ṣe máa ń sọ ọ́ gan-an: "Àwẹ̀ró, ọmọ Ìyèrú Òkín, ọmọ Ọlọ́fà mọjọ̀. Ẹ kú ìfọṣọ o."

Nígbà tí wọ́n ṣíwọ́, àwọn sìkiọ́rítì gba káàdì ọrùn rẹ̀ lẹ́nu géètì, wọ́n ní kó má wá mọ́ lọ́jọ́ Ajé. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe àwọn yòókù tí wọ́n sọ òótọ́ fún Fadékẹ́. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ kọ́ ni wọ́n fi dá wọn mọ̀. Àwọn obìnrin tí Dúrótoyè ti júwe ọ̀nà Ìjọ́kọ fún pọ̀ débi pé òun fúnra rẹ̀ kò lè mọ èwo ló ń sọ̀rọ̀, ohùn inú fóònù sì máa ń yàtọ̀. Ìkíni tó ṣáájú ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi mú wọn.

Mo rí Naimat bó ṣe wọlé. Kò kí mi, ohun tí kò ṣe rí. Fadékẹ́ wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú àgbàlá, òun àti Àdúràolúwa ń ṣa ẹ̀wà. Naimat lọ dúró níwájú wọn.

Ó ní, "Àǹtí, ó kí mi lónìí."

Fadékẹ́ gbójú sókè. "Ta ni?"

"Dúrótoyè. Bí ẹ ṣe kí mi nídìí kànga gan-an ló ṣe kí mi. Ó tiẹ̀ fi ẹ kú ìfọṣọ kún un."

Ó wọ yàrá rẹ̀ lọ, ó rọra pa ilẹ̀kùn dé. Ìbá ṣe pé ó gbá a ni, ara ìbá tù mí. Èmi ni mo pariwo. Mo ní, "Fadékẹ́, kí lo fi ọ̀rọ̀ ọmọ ọlọ́mọ ṣe?" Ó ń ṣa ẹ̀wà yẹn lọ, ó ń ju òkúta sínú ẹ̀wà, ó ń ju ẹ̀wà sílẹ̀, títí Àdúràolúwa fi gba àwo náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, mo ti ṣọ́ọ̀bù pa, mo tẹ̀ lé Fadékẹ́ lọ sí ọ́fíìsì Adérógbà. Kẹ̀kẹ́ Márúwá la wọ̀. Inú ń bí mi sí i, àánú rẹ̀ sì ń ṣe mí, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Adérógbà dìde fún wa, ó fa àga fún mi, ó ní kí wọ́n gbé omi tútù wá. Fadékẹ́ kò jókòó.

"Sà, ṣé ẹ pa ohùn yẹn rẹ́?"

"Ìyá Àdúrà, ẹ jókòó ná."

"Ṣé ẹ pa á rẹ́, sà?"

Ó fi ọwọ́ ra ojú. "Ilé iṣẹ́ yẹn fẹ́ rí i pé lóòótọ́ la lọ. Àwọn kan wà tí wọ́n ń jókòó sílé wọn, tí wọ́n ń bi ara wọn, tí wọ́n ń dá ara wọn lóhùn. Mo ní láti jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ kí wọ́n lè mọ̀ pé iṣẹ́ wa dájú. Àwọn ló ní àwọn fẹ́ kí ọ̀gá láìnì náà gbọ́ ọ. Kì í ṣe èmi."

"Ẹ fi ọmọ yín búra."

"Mo búra pé mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ṣé mo dárúkọ? Gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sí orúkọ kankan níbẹ̀." Ohùn rẹ̀ kò ròkè rárá. "Ìwọ lo kì wọ́n."

Ọlọ́run ń gbọ́, mo ti rí ọkùnrin tó na ìyàwó rẹ̀ lójú títì, n kò rí èyí tó burú tó ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin yẹn fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ sọ. Ohun tí màmá àgbà Fadékẹ́ fi ń dá ẹni tó ń bínú dúró, ohun tó fi ń nu omijé èèyàn, òun náà ni ọkùnrin yìí gbé lé e lọ́wọ́ pé kó wò ó, ọ̀bẹ tó fi gún wọn nìyí. Fadékẹ́ kọ́ ló sì gún wọn. Ta ló gbé ohùn náà lọ? Ta ló tẹ̀ ẹ́ fún wọn kí wọ́n gbọ́? Ta ló ní ó ti lọ?

Fadékẹ́ ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ pè wọ́n. Ẹ sọ fún wọn pé wọn ò jẹ̀bi. Ọmọ yẹn ló ń bọ́ ìyá rẹ̀."

"Ìyẹn á ba àárín wa jẹ́ pẹ̀lú wọn. Sùúrù ni." Ó wá rọra tẹ̀ síwájú bí ẹni tó fẹ́ fúnni ní ẹ̀bùn. "Àti pé iṣẹ́ tuntun ti dé. Wọ́n fẹ́ ká padà lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó kù. Ìwọ náà ni màá rán. Á rọrùn ju ti àkọ́kọ́ lọ."

"Àwọn tó kù," ni Fadékẹ́ wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni. Inú tàwọn yẹn dùn."

Ara mi kò gbà á mọ́. Mo ní, "Ọ̀gbẹ́ni, aránṣọ ni mí. Bí mo bá rán aṣọ tí ò gba oníbàárà, ṣé oníbàárà ni kí n wá gé? Ẹ ti lé gbogbo ẹni tí inú ẹ̀ bàjẹ́, ẹ wá fẹ́ lọ kọ̀wé sí òyìnbó pé inú gbogbo ayé ló dùn!"

Ó ní kí n má bínú, màmá. Màmá ló ń pè mí, ó ń pọ́n mi lé. Fadékẹ́ yọ fóònù tó fi ń gba ohùn, ó gbé e sórí tábìlì Adérógbà, ó yí padà, ó sì sọ̀ kalẹ̀. Omi tútù yẹn ni mo fi sílẹ̀ fún un láì mu.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló lọ kan ilẹ̀kùn Naimat. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà mi, wọ́n mọ̀ pé mo wà níbẹ̀. Naimat ṣílẹ̀kùn. Ó ti ń di ẹrù sínú báàgì Gánà-mọ́sìgo lórí bẹ́ẹ̀dì. Kí Naimat tó kí i, Fadékẹ́ ti kúnlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kúnlẹ̀ fún àbúrò ní àgbàlá tí gbogbo ayalégbé ti ń wò. Naimat náà yára kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ dìde, mà. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, mà."

Mo gbọ́ "mà" yẹn. Àǹtí ló máa ń pè é.

Fadékẹ́ sọ gbogbo rẹ̀ fún un, bí Adérógbà ṣe búra, bó ṣe ní wọ́n ti lọ, bó ṣe gbé ohùn wọn lọ bá àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́. Ó sọ èyí tó dun òun jù pẹ̀lú, pé oríkì ni wọ́n fi mú wọn, ẹnu òun ló sì ti jáde. Kò fi ohunkóhun bo ara rẹ̀. Naimat ń gbọ́, ó dorí kodò, ó ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, mà, níbi tó yẹ kó ti sọ ọ́. Ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa ni.

Fadékẹ́ ní, "Bú mi. Sọ ohun tó wà lọ́kàn ẹ fún mi."

"Kò sí nǹkan kan, mà."

"Ṣé o ti jẹun?"

"A dúpẹ́, mà."

"Kí lo máa ṣe báyìí? Kí lo máa sọ fún màmá ẹ ní Ẹdẹ?"

"Ọlọ́run á ṣe é, mà. A dúpẹ́."

Fadékẹ́ na ọwọ́ sí i. "Àwẹ̀ró," ló wí, "Àwẹ̀ró, ọmọ Ìyèrú..."

Naimat gbé ojú sókè nígbà náà. Kò sí ìbínú níbẹ̀, ìbá sàn kó jẹ́ pé ìbínú wà níbẹ̀. Ó ní, "Naimat ni mà." Ó dìde, ó kí i pé ó dàárọ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn jẹ́jẹ́.

Nínú gbogbo Ọ̀tà, kò sí ẹni tó mọ ohun tó wà lábẹ́ "a dúpẹ́" tó Fadékẹ́. Ó dúró síwájú ilẹ̀kùn yẹn pẹ́, ó sì mọ gbogbo ohun tí Naimat kò sọ, ṣùgbọ́n kò sí ìbéèrè tó lè bi í mọ́ tí á mú un jáde.

Naimat ti lọ sí Ẹdẹ. Mo gbọ́ pé àwọn òyìnbó tún ti fi owó ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ náà, nítorí ìròyìn tó dé ọ̀dọ̀ wọn dára. Fadékẹ́ ń bá mi ṣẹ́tí aṣọ báyìí, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe. Àmọ́ láti ọjọ́ yẹn kò kì mí mọ́. Bí mo bá tilẹ̀ gé aṣọ kù tí orí mi sì gbóná, á gba ẹ̀yìn mi kọjá, á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Rauf. Ṣé dáadáa ni?"

Èmi náà á sì ní a dúpẹ́.